Orin Tó Dúró Sójú Kan

Òórùn tí mo fi ń rántí ilé wa ní Agbówó ni ti áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ funfun tuntun: èéfín díẹ̀, sítáàṣì díẹ̀, àti òróró máṣíìnì tó ti wọ Màámi lára. Òun ló ń jí mi láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nígbà tí télọ̀ wà ní gbogbo kọ́nà, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ni pé láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó rán aṣọ tí mo wọ̀, àfi èmi fúnra mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ṣòkòtò kákì tí mo fọwọ́ ara mi rán ni mo wọ̀ lọ ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà ni Màámi, iṣẹ́ Bàámi ló gbé wọn wá sí Ìbàdàn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí à ń lọ, àwọn ni wọ́n ń rán sùtánà fún tọmọdé tàgbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ wọn wà, ó kọjú sí ọ̀nà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà kọjá. Aṣọ funfun, òwú funfun, láti àárọ̀. Tó bá pẹ́, ojú rírán á sọnù mọ́ aṣọ lára, èèyàn á wá máa rán ohun tí kò rí. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi máa ń dá ẹsẹ̀ dúró lójijì, tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, tí wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ n lọ wo nǹkan tó láwọ̀." Wọ́n á lọ dúró sẹ́nu géètì, wọ́n á máa wo ata tí Ìyá Káyọ̀dé, aládùúgbò wa, sá sórí ọpọ́n. Bí wọ́n bá wo ata tán, wọ́n á lọ na ẹ̀yìn lórí ẹní.

Ìgbà yẹn ni máṣíìnì máa ń di tèmi. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, lórí àjákù aṣọ, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí. Torí náà, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù láyé ni bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Mo bi Màámi, wọ́n ní ara ló ń sọ fún èèyàn. Ara wo? Ọwọ́ ni àbí ẹsẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Mo wo ojú wọn, bóyá wọ́n ń ṣẹ́ ẹ jù. Mo tẹ́tí sí ẹsẹ̀ wọn, bóyá ó ń falẹ̀. Kò falẹ̀ rárá, ńṣe ló tún máa ń yára sí i. Orin ló padà tú àṣírí wọn. Màámi kì í rán aṣọ láìkọrin. Bí ara wọn bá le, orin á máa lọ bó ṣe yẹ. Bó bá ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á dé ìlà kan, wọn ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, wọn ò sì ní mọ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, màá lọ fọ ọwọ́ mi, torí mo mọ̀ pé máṣíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìkórè àwọn ọmọdé ti dé tán. Màámi gé sùtánà tèmi, wọ́n ní kí n rán an fúnra mi bí mo bá lè ṣe é. Mo fọ́nnu ká gbogbo àdúgbò. Káyọ̀dé, tí àwọn náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní, "Ìwọ! Apá kan á gùn ju èkejì lọ ni. Wọ́n á rò pé ò ń fi èyí tó gùn júwe ọ̀nà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní ká pàdé ní Sọ́ńdè.

Àmọ́ gbogbo ìjọ ló kó aṣọ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, Màámi ò dìde nídìí máṣíìnì rárá. Sùtánà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò lọ́rùn, kò lápá. Mo gbọ́ orin tó dúró sójú kan, mo fọ ọwọ́, mo dúró. Wọn ò dìde. Ìlà kan náà ṣáá. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màámi, ó ti rẹ̀ yín."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Orin yín ni. Ẹ ò tíì kúrò lójú ibẹ̀ látìgbà tí Ìyá Káyọ̀dé ti sá ata."

"Délé, ojú máṣíìnì lò ń wò, kì í ṣe ojú tèmi."

Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbìyànjú láti bá orin náà lọ síwájú, wọn ò rántí ohun tó kàn. Wọ́n wá tẹjú mọ́ aṣọ ọwọ́ wọn: ojú rírán ti jáde kúrò létí aṣọ, afẹ́fẹ́ ni abẹ́rẹ́ ń gún. Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí á pa mí o," wọ́n sì lọ wo ata.

Mo bọ́ sórí àga. Mo rán apá, mo rán ẹ̀gbẹ́, mo bọ́ sórí ọrùn. Inú mi dùn débi pé mi ò wo ata kankan. Mi ò sì kọrin, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ nǹkan lẹ́nu mi. Mo ká aṣọ náà, mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo wọ̀ ọ́. Apá wọlé. Orí kò jáde. Mo tún tì í, orí kò jáde. Ẹ̀yìn aṣọ ti ká sábẹ́ ọrùn nígbà tí mò ń rán an, funfun lórí funfun, mo ti rán méjèèjì pọ̀. Mo dúró sáàárín yàrá bí ẹni tí wọ́n dì sínú àpò gààrí, mò ń pe Màámi. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lulẹ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dún. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi tún un ṣe kíá. Wọ́n bọ́ ọ lára mi, wọ́n na abẹ-fẹ́lẹ́ sí mi. "Ìwọ lo rán an, ìwọ lo máa tú u. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ wo nǹkan tó láwọ̀ ná."

Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Agogo ń dún, wọ́n ní kí n lọ wo ata! Mo lọ tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu géètì: pupa fòò, èyí tí kò tíì pọ́n sì wà láàárín wọn bí ewé. Nígbà tí mo pa dà wọlé, mo rí òwú kọ̀ọ̀kan lára aṣọ yẹn bí ẹni pé yíǹkì ni wọ́n fi fà á. Mo tú u, mo tún un rán. A pẹ́ dé, àwọn ọmọdé ti ń tò wọlé. Káyọ̀dé yà kúrò lórí ìlà, ó fa apá aṣọ mi méjèèjì síwájú, ó fi wọ́n wé ara wọn. Wọ́n dọ́gba géérégé. Ó jù wọ́n sílẹ̀, ó sáré pa dà sórí ìlà. Eré tó sá yẹn, mo ṣì ń jẹ adùn rẹ̀ dòní.

Màámi ti lọ sinmi. Máṣíìnì oníná ni mò ń lò báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ring Road. Agbádá mi, bùbá mi, fìlà orí mi, kò sẹ́ni tó rán èyíkéyìí níbẹ̀ àfi èmi fúnra mi. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ tó lè gbọ́ àárẹ̀ nínú orin ẹlòmíì wá di àgbàlagbà tí kì í gbọ́ ti ara rẹ̀. Mo rò pé tèmi ò ní àmì ni. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ dìde, ó ti rẹ̀ yín." Mo ní báwo ló ṣe lè rẹ̀ mí, èmi tí kò sẹ́ni tó rán aṣọ tí mo wọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá?

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni. Ẹ ti sọ ọ́ láàárọ̀. Bó bá ti rẹ̀ yín lẹ máa ń tún un sọ."

Mo bínú díẹ̀, mo sì dìde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo òkè ìwé tí mò ń kọ yìí ni, mo rí i pé mo ti sọ ọ́ níbẹ̀, mo sì tún ti sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ wo nǹkan tó láwọ̀.