Ilé Ní Òrùlé, Títì Ò Ní

Gbì! Gbì! Gbì! Bí ẹ bá gbọ́ ariwo yẹn lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlobù láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rò pé iyán là ń gún. Ará ilé kejì tiẹ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé kí n gbé abọ́ bọ̀?" Ìyá àgbà mi ń gún tirẹ̀ lọ. Yẹ̀pẹ̀ ló ń gún. Ó bu yẹ̀pẹ̀ pupa tó rin sínú agolo irin kan tó nípọn, ó ń gbé òòlù irin sókè, ó ń jẹ́ kó já lé e lórí, á tún bu òmíràn lé e, á tún gún un. Òógùn ń ṣàn lẹ́bàá etí rẹ̀. Òórùn yẹ̀pẹ̀ tútù gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí àga, ó fajú ro. Òun ni olórí ẹbí wa, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, kí ẹ má baà rò pé orí ìyá àgbà ti dàrú. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Òṣogbo. Àwọn ni wọ́n máa ń yẹ yẹ̀pẹ̀, òkúta àti ọ̀dà wò kí kọngílá tó kó wọn dà sójú títì. Tíṣà ni ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì máa ń bi í pé irú iṣẹ́ wo ni kí abilékọ máa fi asẹ́ sẹ́ yẹ̀pẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin ń yẹ ọmọ wò, èmi ń yẹ ilẹ̀ wò. Tèmi tiẹ̀ dáa, kò ní ìyá tó máa wá bá mi jà." Òórùn ọ̀dà kì í kúrò lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó kan ilẹ̀kùn ni mo ti máa ń mọ̀ pé ó ti dé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n fẹ́ tún ọ̀nà tó ti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n ṣe. Ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà, lẹ́bàá odò, tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀, ó di àbàtà. Ọkọ̀ á rì, èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ká ṣòkòtò, wọ́n á máa tì í. Ibẹ̀ ni aboyún kan bímọ sí nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìyá tó ń bọ̀ láti oko. Ìyá àgbà wà nínú àwọn ìyá náà. Látọjọ́ yẹn ló ti ní bí wọ́n bá máa tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n á ṣe é kó dúró ni.

Kọngílá ń wá yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n máa tẹ́ sábẹ́ ọ̀dà. Bàbá bá ní ilẹ̀ ẹbí wa ni kí wọ́n ti wà á. Kì í ṣe torí owó o, iyì ló ń wá. Yẹ̀pẹ̀ yẹn ni wọ́n fi mọ ilé ńlá ẹbí wa, ilé tí wọ́n bí Bàbá sí, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí, ògiri rẹ̀ ò sì sán. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà náà mọ̀ pé yẹ̀pẹ̀ ilé wa ló gbé wọn. Ó ti fọ́nnu rẹ̀ káàkiri ìlú. Wàhálà wo ló tún kù, nígbà tó jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìyá àgbà fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Òṣogbo, kò yege. Èyí tó yege, apá Ìfọ́n ni wọ́n ti wà á.

Háà! Ṣé ẹ mọ bí ìyẹn ṣe rí létí ọmọ Ìlobù? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń dá sí, èmi náà ò sì ní dá sí i níbí. Bàbá já wọlé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìwọ! Yẹ̀pẹ̀ Ìfọ́n lo wá gbà, lórí yẹ̀pẹ̀ bàbá tó bí ẹ?"

Ìyá àgbà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kò lè gbé ọkọ̀ ni."

"Yẹ̀pẹ̀ tó gbé ilé ró látayébáyé! Ẹ̀rọ yín ló ń parọ́. Bó o bá kọ̀ ọ́, má fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ mọ́. Mo ti sọ tèmi."

Inú ilé yẹn ni wọ́n sin ìyá àwọn méjèèjì sí, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣe Kérésì. Síbẹ̀, ìyá àgbà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ̀rọ bá ń parọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú yín. Ẹ fọwọ́ ara yín bu tiwa wá, èmi á mú ti Ìfọ́n wá."

Bí òòlù ṣe dé ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Nígbà tó gún un tán, ó ti ìṣù yẹ̀pẹ̀ méjèèjì jáde nínú agolo. Tiwa ń dán, ó jọ̀lọ̀ bí ọṣẹ. Ti Ìfọ́n rí ṣákaṣàka, òkúta wẹ́wẹ́ yọ lára rẹ̀. Bàbá fi ìka kan tiwa, ko, ko. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Èwo ló le níbẹ̀?"

Ìyá àgbà gbé méjèèjì sínú báàfù omi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mumi yó ná." Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi wà nínú omi, Bàbá ò jẹ́ gba oko lọ láìkọ́kọ́ yà wò wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe màgòmágó sí tirẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò, ìyá àgbà gbé wọn jáde, ó ní kí Bàbá fúnra rẹ̀ fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n. Ti Ìfọ́n ò mira. Tiwa gbé àtàǹpàkò Bàbá mì bí ẹ̀kọ tútù. Ó fà á yọ, ó ń wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ká sòótọ́.

"Ilé wa wá ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kí ló dé tí ilé ò wó?"

"Ilé ní òrùlé, Bàbá. Títì ò ní. Yẹ̀pẹ̀ wa dáa, ilé ló dáa fún. Bí ìjì bá ṣí páànù, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa ń wá ohun tẹ́ ẹ máa fi bo ògiri?"

Ẹ ó rò pé ó gbà. Ó tì o! Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dé fìlà, ó ní, "Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ìlú. Kí n wá gbé ojú mi sí ibo? Bó ṣe wà yìí, fọwọ́ sí i pé ó yege."

Ìyá àgbà tún kúnlẹ̀. "Mi ò lè ṣe é, Bàbá. Bí aboyún míì bá rì síbẹ̀, kí la fẹ́ wí?"

Bàbá jáde lọ. Yẹ̀pẹ̀ Ìfọ́n ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà náà.

Láti ìgbà náà, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá àgbà á gba ilé ńlá lọ. Kò ní wọlé, wọ́n ti ní kó má wọlé. Ẹnu ọ̀nà níta ló ti máa kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn: "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Ṣé ara le?" Bàbá á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ewúrẹ́ ló ké. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi. Ìyàwó Bàbá ní kó kàn sọ pé òun ṣì í ṣe, pé ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Ìyá àgbà fi àáké kọ́rí. Ìyá mi náà ní, "Màmá, ìtìjú yìí tó." Ó ní, "Ta ló lọ bẹ̀bẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ kí."

Ọ̀gbẹlẹ̀ kọjá, òjò dé. Ó rọ̀ lọ́dún yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá. Ọkọ̀ ń kọjá lẹ́bàá odò, ẹnikẹ́ni ò bọ́ sílẹ̀ tì í. Bàbá náà ń gba ibẹ̀ lọ sí oko, ó sì ń fojú ara rẹ̀ rí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹnu ọ̀nà ilé ńlá di ẹrẹ̀. Ìyá àgbà ká ìró rẹ̀ díẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú rẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá."

Bàbá wò ó títí. Ó wá ní, "Ọmọ ìyá mi, dìde. Ilẹ̀ tutù. Máa bọ̀ nínú ilé."

Kò dárúkọ ọ̀nà, kò dárúkọ yẹ̀pẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì títí ó fi kú. Ìyá àgbà náà ò bi í. Àmọ́ bó ṣe ń jẹun lọ́jọ́ náà nínú ilé bàbá rẹ̀, omijé ń já bọ́ sínú abọ́, èmi tí mi ò rí i kó sunkún rí.

Àwọn méjèèjì ti lọ. Èmi náà ti dẹni tí àwọn àgbà ẹbí ń wá bá, nílé àti níbi iṣẹ́, pé kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí ohun tí mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹlòmíì nínú wọn á lérí, ẹlòmíì á ní òun ò mọ̀ mí mọ́. Ẹ̀rù máa ń bà mí, mi ò ní purọ́. Màá kúnlẹ̀, màá kí wọn dáadáa, orúnkún mi méjèèjì á kanlẹ̀. Màá wá sọ pé mi ò lè ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, màá tún padà lọ kí wọn.