Gúnrégé àti Imú Tó Ń Ṣọ́ Ilé

Gúnrégé ni gbogbo wa ń pe alágbàfọ̀ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa, nítorí bó bá lọ ṣòkòtò, ìlà rẹ̀ a gún bíi pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Àwọn kan ní olóríkunkun ni. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ìfura ló ní, ó sì nídìí. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni tiwa: pákó ni àjà, pákó ni wọ́n fi pín yàrá, pákó náà ni àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tí a ní. Abẹ́ àtẹ̀gùn yìí gan-an ni áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ń gbóná. Ó ti jó ẹ̀wù oníbàárà kan rí. Ẹni tó bá sì jalè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó fi àrán bora, aṣọ olè ló fi bora.

Màmá Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lókè, kì í sọ̀ kalẹ̀ kó má bi í pé, "Gúnrégé, kí ló ń jó?"

"Ọkàn mi ni, Màmá. Ẹ bá mi bu omi sí i."

Nígbà tó yá, onílé ní kí oníná wá kan ẹ̀rọ funfun roboto kan mọ́ àjà yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí èéfín tàbí ooru bá ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ yẹn á ké, gbogbo ìyókù á gbè é, fóònù oníkálukú á sì gba ìròyìn yàrá tó ti ṣẹlẹ̀. Imú la sọ ọ́. Ṣùgbọ́n onílé fi ọ̀rọ̀ kan lé e: ọjọ́ tí Imú bá ké nítorí áyọ́ọ̀nù, kí Gúnrégé palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Gúnrégé gbójú sókè wo èyí tí wọ́n kàn sókè tábìlì rẹ̀. "Bí ò nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ṣé kò ní máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni?"

"Òórùn nìkan ló ń gbọ́, bàbá," oníná dá a lóhùn.

"Ohun tí amí máa ń sọ náà nìyẹn."

Láti ìgbà yẹn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ló sì ń kí ẹ̀rọ náà: "Ẹ kú iṣọ́ o, ọ̀gá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Imú ké. Kò sẹ́ni tó wo fóònù. Gbogbo ilé rọ́ wá sísàlẹ̀ pẹ̀lú bákẹ́ẹ̀tì, Màmá Nọ́ọ̀sì ló ṣíwájú. Wọ́n da gbogbo omi tó wà nílé sórí tábìlì, sórí kóòtù tó ti lọ̀ lánàá, sórí búláńkẹ́ẹ̀tì tó fi tẹ́ tábìlì. Gúnrégé, tó ń ká aṣọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, dúró, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" Màmá Nọ́ọ̀sì ní.

"Ẹ fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù." Kò sẹ́ni tó mira. "Ẹ fọwọ́ kàn án! Mi ò tíì tanná sí i látàárọ̀."

Imú ò dákẹ́. Gúnrégé fa fóònù yọ, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti dárúkọ òun. Ó kà á, ó tún un kà.

"Màmá, yàrá yín ni."

"Irọ́! Ó fẹ́ ká gòkè kó lè palẹ̀ ẹ̀rí mọ́ ni."

 Gúnrégé pa iná gbogbo ilé nídìí mítà, ó wo àwọn bákẹ́ẹ̀tì, òfìfo ni gbogbo wọn. Ó bá gbé búláńkẹ́ẹ̀tì tútù náà lé èjìká, ó gòkè. Èéfín ń yọ lára ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù Màmá. Òun àti awakọ̀ tó ń gbé yàrá kejì fa pákó ògiri ya: wáyà àtijọ́ ti yọ́, pákó ti ń pọ́n. Gúnrégé fi búláńkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ṣe ṣìì mọ́.

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri báyìí pé Imú ló pa iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Imú ò lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní omi tí a dà ló gbà wá. Ìyẹn náà kò tọ̀nà: ká ní a wo fóònù ni, omi ì bá wà nínú bákẹ́ẹ̀tì wa.

Onílé tún wáyà ilé ṣe, ó ní kí Gúnrégé máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, Màmá Nọ́ọ̀sì mú búláòsì kan wá, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbé aṣọ fún un. Kò lọ. Ó dúró tì í, ó ń fimú fínlẹ̀.

"Gúnrégé, kí ló ń..."

"Ẹ má bi mí mọ́, Màmá. Ẹ bi Imú."

Màmá gbójú sókè, ó wo iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ìka kan, ó fi kan áyọ́ọ̀nù, ó sì yára fà á padà.

"Ó gbóná!" ló wí, bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́.

"Aṣọ yín ló ń lọ̀, Màmá."