Fọ́tò Mẹ́rìndínlógójì Tí Mo Ya Ìyá Àgbà

Kí àwọn ará ilé wa tó fi iyọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó máa rín in lọ. Mo ti sunkún tèmi tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé mi mọ̀ pé Àpòmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ tún mọ̀ pé láti bí oṣù mélòó kan, mo ti di ẹlòmíràn! Mo ra kámẹ́rà kékeré kan, irú ti àtijọ́ tó ń lo fíìmù, tó ṣeé kì bọ àpò ṣòkòtò. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ káyé sinmi. Mo ń ya kẹ̀kẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́, mo ń ya aṣọ tí wọ́n sá, mo ń ya ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Tí ẹnikẹ́ni bá yọ fóònù láti ya nǹkan, màá mi orí bíi dókítà tí aláìsàn kò gbọ́ tiẹ̀. Mo ní fóònù ti ba ojú gbogbo wa jẹ́. Kí sì ni mo fi ń kọ gbogbo ìwàásù yẹn síta? Fóònù ni!

Ìyá tó bí bàbá mi ni mò ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìkirè ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ifẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń dín dòdò láti ìgbà tí bàbá mi wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ mọ dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ààlà, tí wọ́n gún mọ́ ata, tí wọ́n fi epo pupa dín títí tó fi dúdú. Orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ fi ìdí iná sílẹ̀ fún Àǹtí Síkírá, àbúrò bàbá mi obìnrin. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé kan. Tí wọ́n bá dín ti àárọ̀ tán, àlùfáà àdúgbò á ṣe àdúà, wọ́n á sì gbé agbada tí wọ́n fi ń dín dòdò lé Àǹtí Síkírá lọ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí. Fọ́tò Bàbá Àgbà, ọkọ wọn tó ti kú, wà lára ògiri pálọ̀. Bàbá jókòó sórí àga, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ẹsẹ̀ méjèèjì pé, wọ́n tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ dájọ́. Ẹ̀gbẹ́ wọn ṣófo. Ìyá Àgbà ní kí n ya fọ́tò kan tí àwọn máa gbé kọ́ síbẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wọn ò fẹ́ ti inú fóònù, torí fóònù tí bàbá mi kó gbogbo fọ́tò wọn sí bọ́ sínú kànga. Kànga ni wọ́n sì wà títí dòní.

Ṣé ohun tí wọ́n fẹ́ kò yé èèyàn ni? Ó yé gbogbo ayé, àfi èmi.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìjókòó gbagidi yẹn ti di ti àná, pé ìgbésí ayé ojoojúmọ́ ni à ń yà báyìí, bí èèyàn ṣe ń làágùn nídìí iṣẹ́. Wọ́n bi mí pé ta ló ń gbé òógùn kọ́ ara ògiri. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n á dúpẹ́ tó bá yá.

Sátidé pé. Mo kọ́kọ́ ṣòfin: kò sí fóònù lónìí! Àǹtí Síkírá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n fi tiwọn há ìdí ìró.

Bàbá Fọ́tò náà wà níbẹ̀. Àgbàlagbà yìí ló ya fọ́tò Bàbá Àgbà nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì wà. Wọ́n jókòó sábẹ́ páànù, wọ́n ń jẹ dòdò, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Kámẹ́rà mi ní irin kékeré kan tí èèyàn á fi àtàǹpàkò fà lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí fíìmù lè sún síwájú. Wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé kókó kékeré tó wà lápá òsì yẹn, ṣé ó ń yí bí mo ṣe ń fa irin náà? Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, mo ti wo fídíò rẹ̀. Wọ́n mú dòdò mìíràn.

Ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gorí igi, kò lè rí i. Èmi gorí bẹ́ǹṣì. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eérú. Èéfín bọ́ sí Ìyá Àgbà lójú, mo yà á. Wọ́n fi etí ìborùn nu imú, mo yà á. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti gbé ọwọ́ lé itan láti wò mí, màá pariwo pé kí wọ́n má wò mí, kí wọ́n ṣe bíi pé mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó ṣòro láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó dínà mọ́ oníbàárà.

Nígbà tí àdúà parí, tí ọwọ́ wọn kúrò lára agbada, omi bọ́ lójú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an. Ṣùgbọ́n ṣebí ayàwòrán ni mí? Mo tẹ kámẹ́rà. Ìkẹrìndínlógójì nìyẹn, fíìmù tán.

Mo fi fíìmù ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n bá mi fọ̀ ọ́. Ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ pè mí. Ó fi ọ̀wọ̀ bi mí bóyá tuntun ni mo fi ránṣẹ́ ní àṣìṣe, torí ó mọ́ gaara bí omi. Ó ní etí fíìmù kò há sára ohun tó yẹ kó máa fà á nígbà tí mo ki í bọ kámẹ́rà. Nọ́ńbà ń kà, èmi ń fa irin, fíìmù jókòó sínú ilé rẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ká ní ó ń lọ ni, kókó apá òsì tí Bàbá Fọ́tò béèrè yẹn ì bá máa yí.

Mẹ́rìndínlógójì! Òfo ni gbogbo rẹ̀!

Kí ni mo ṣe? Mo purọ́. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Àgbà ń pè mí pé ṣé wọ́n ti fọ̀ ọ́ tán, ojoojúmọ́ ni mo ń ní wọ́n ṣì ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ṣé rọ́ọ̀gì ni.

Ọjọ́ Jímọ̀, mo yà sí Ìkirè. Bí mo ṣe wọ pálọ̀, mo rí i pé wọ́n ti nu ògiri, wọ́n sì ti kan ìṣó tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àgbà. Ìṣó yẹn ló pa mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Àgbà wo ìṣó náà, wọ́n wò mí.

"Wàsíù," wọ́n ní, "o ní kí n ṣe bíi pé o ò sí níbẹ̀. O ò kúkú sí níbẹ̀ lóòótọ́."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a tún un ṣe, kí wọ́n gba agbada padà fún wákàtí kan péré. Wọ́n ní ohun tí àwọn ti fi àdúà fún èèyàn, àwọn ò ní gbà á padà fi ṣeré. Mo yíjú sí Àǹtí Síkírá tí wọ́n jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Èmi tí mo ṣòfin, èmi náà ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ pé ṣé wọn ò fi fóònù jí fọ́tò kan yà lọ́jọ́ náà? Wọ́n ní àwọn yà, ẹyọ kan. Wọ́n ṣí i fún mi. Ẹ̀yìn mi ni! Mo lóṣòó, mo di ojú kan, mo gbé kámẹ́rà sójú kejì, mo sì bo Ìyá Àgbà mọ́lẹ̀ pátápátá. Etí ìborùn wọn nìkan ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká mi. Ìyá Àgbà gba fóònù, wọ́n wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ àrán, wọ́n gbé àga síta. Bàbá Fọ́tò bá mi ki fíìmù mìíràn bọ kámẹ́rà. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ya bàbá yín," wọ́n ní. "Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wàá yà mí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fa irin. Bàbá Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo kókó apá òsì, wọ́n ní, "Ó yí."

Mo fi ewúrẹ́ parí ìyókù fíìmù náà, mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́tò náà jáde! Wọ́n jókòó gbagidi, wọn ò rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ méjèèjì pé, wọ́n tẹjú mọ́ wa. Òun ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí mo ti yà rí, kò sì sí ọgbọ́n tèmi kankan nínú rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó wà nínú fọ́tò ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ẹ bi èèyàn yín bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ rántí àwọn, kí ẹ sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí àgbàlagbà bá sì ní kókó kan gbọ́dọ̀ yí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó! Ẹ̀yin ńkọ́, fọ́tò wo ni ẹ bà jẹ́ tí ẹ ò tíì jẹ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó má jẹ́ èmi nìkan.

Torí ìtìjú tèmi ti wà lára ògiri. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tẹ fọ́tò ẹ̀yìn mi yẹn jáde, wọ́n sì gbé e kọ́ sábẹ́ tiwọn. Àlejò tó bá béèrè ta nìyẹn, wọ́n á ní fotogíráfà àwọn ni, pé fọ́tò mẹ́rìndínlógójì ló ya àwọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á wá nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí.

"Ẹ ní kó fi wọ́n hàn yín."