Òrùlé Bàbá Adépọ̀jù Ń Wẹ̀

Ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní Àkúrẹ́, lọ́dún tí nǹkan le jù lọ, gbogbo àdúgbò ló sáré jáde pẹ̀lú básíà àti kẹ́ẹ̀gì. Bàbá Adépọ̀jù télọ̀ náà sáré jáde. Ṣùgbọ́n àkàbà ni tirẹ̀ gbé. Ó gun un, ó yí ẹnu páìpù tó ń gbé omi òrùlé lọ sínú tánkì, ó kọjú rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí agbòjò, ó sì dúró tì í bí ọlọ́dẹ báńkì.

Kíkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó pọn Joy, ọmọ tuntun, sẹ́yìn. Omi tó kù nínú tánkì ò tó nǹkan mọ́. Ẹ̀rọ omi ìta ti gbẹ tipẹ́, agbára ọkọ rẹ̀ ò ká omi tí mẹ́ruwà ń tà, odò nìkan ló kù. Omi odò yìí náà ni wọ́n mu lẹ́ẹ̀rùn èṣí tí Jùwọ́n, àkọ́bí rẹ̀, fi yàgbẹ́ gbuuru títí ojú rẹ̀ fi wọnú. Kíkẹ́ ti búra pé omi odò ò ní kan ẹnu Joy.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba díẹ̀ nínú rẹ̀."

"Ìyá Jùwọ́n, àtìgbà tí òjò ti dá lọ́dún tó kọjá ni òrùlé yìí ò ti wẹ̀. Eruku ọyẹ́ wà lára rẹ̀, ìgbẹ́ alángbá wà níbẹ̀, àwọn ẹyẹ náà sì ti sọ ọ́ di ṣáláńgá. Ṣé omi ìwẹ̀ òrùlé lo fẹ́ fún ọmọ-ọmọ mi mu?"

"Ká kàn fi fọ aṣọ, sà."

"Omi tí ẹ bá gbé wọlé fún aṣọ, tó bá dọ̀la, inú ife la máa bá a."

Rufus, alámùúlégbè wọn, yọrí lójú fèrèsé. "Baba, water dey waste o. Rain no be your houseboy."

"Ó máa padà wá," Bàbá dá a lóhùn. "Ó mọ ilé mi."

Òjò dá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu àmuyó, tánkì ò rí ẹ̀kán kan. Kíkẹ́ wọ yàrá lọ, ó sì sunkún.

Ọmọ Òǹdó ni Bàbá Adépọ̀jù. Ibẹ̀ ló ti ránṣọ dàgbà kó tó gbé máṣíìnì rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ Adélaní, ọmọ rẹ̀, ní Àkúrẹ́. Òun ló kọ́ tánkì sẹ́yìn ilé, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́rùn. Láràárọ̀, á ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú omi, á fà á jáde, á fi téèpù wọn ibi tó tutù dé, á wá kéde rẹ̀. Aṣọ nìkan ló fi ń kéde. Bí tánkì bá kún, àgbádá ni. Bó bá fà díẹ̀, ó di bùbá. Ìdajì ni ṣòkòtò, èyí tó kù nísàlẹ̀ pátápátá ni fìlà. Àṣà yìí ran gbogbo ilé. Nígbà tí ọ̀gá Adélaní bi í ní ọ́fíìsì wọn ní Alágbàká pé báwo ni ilé, ó ní, "A dúpẹ́, sà. Ó ku ṣòkòtò." Ọ̀gá náà bá a kẹ́dùn gidigidi.

Àwọ̀n ẹ̀fọn ni Bàbá fi rán ìbòrí fún ẹnu tánkì, ó sì ki rọ́bà sí etí rẹ̀. Ìbòrí yìí ló ń rán lọ́jọ́ tí Yọ̀mí, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, wá gba aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀la ni ìgbéyàwó mi."

"Tánkì ló ṣáájú ẹ."

"Ṣé tánkì náà ń gbéyàwó ni?"

"Bí ẹ̀fọn bá dé, ìwọ lè sá. Tánkì ò lè sá."

Yọ̀mí gbéyàwó nínú ṣòkòtò tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rò pé ijó ló ń jó.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nílé Adélaní. Òjò wábi gbà. Oòrùn ń ta, Bàbá ń ti igi bọ tánkì. "Fìlà," ni ó wí. Nígbà tó yá, ó ní, "Fìlà ọmọ jòjòló." Ìkíni àárọ̀ nìkan ló kù láàárín òun àti Kíkẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kíkẹ́ yọ sí ilé ìdáná. Ó bá Bàbá níbi tó ti ń da omi mímu tirẹ̀ láti inú ife sínú kẹ́tùrù tí wọ́n fi ń se omi Joy. Ètè bàbá náà ti bó. Kíkẹ́ rọra padà sẹ́yìn kó má bàa mọ̀ pé òun rí i. Inú tó ń bí i dẹ̀ wọ̀ọ̀, ojú sì tì í.

Ọjọ́ kejì ni ojú ọ̀run ṣú láti apá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó pè é, Bàbá ti wà lórí àkàbà. Kíkẹ́ ló di àkàbà mú. Bàbá yí páìpù padà sẹ́nu tánkì, òjò sì dé, ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Omi tó wọlé mọ́ gaara. Nígbà tí Bàbá fa igi jáde, téèpù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o.

"Àgbádá," ló wí.

Kíkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ara tù ú dé ọkàn. Ó se omi náà, ó jẹ́ kó tutù, Joy mu ún. Rufus gbé kẹ́ẹ̀gì wá tọrọ. Bàbá bù ú fún un, ó ní kó kí houseboy òun.

Bàbá dàgbà dáadáa kó tó sùn. Joy ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí wọ́n sin ín sí Òǹdó. Bí wọ́n ṣe ń ti ibojì bọ̀ ni òjò àkọ́kọ́ ọdún náà bẹ̀rẹ̀, tí àwọn aya ilé sì ń gbé básíà jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wọlé," Kíkẹ́ wí. "Òrùlé ń wẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Yọ̀mí ló rín in jù, kó tó di pé ó yọ áńkáṣíìfù nu ojú rẹ̀.

Nígbà tí òjò kejì rọ̀ ní Àkúrẹ́, Kíkẹ́ mú téèpù lórí máṣíìnì, ó ti igi bọ tánkì, ó sì wọ̀n ọ́n.

"Àgbádá ni, Bàbá," ló wí.

Lẹ́yìn náà ó gbé ìbòrí bo ẹnu tánkì, ó na rọ́bà rẹ̀ yíká, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá ẹ̀fọn lè ríbi gbà wọlé.