Ìbò Tí Wọ́n Jí Nítorí Fíìmù Títí

Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀, àwọn gbọ̀ngàn Peckham, ní London níbí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn padà, nígbà tí wọ́n jí ìbò lójú mi kòrókòró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ rí, ọlọ́pàá ti tì mí ṣubú rí. Ẹ̀rù tọjọ́ yẹn yàtọ̀.

Títí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ṣe fíìmù kan nípa ọkùnrin méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ó fẹ́ fi hàn ní gbọ̀ngàn ẹ́sítéètì wa.

Mo ní, "Ṣáà pè é ní fíìmù ìdílé, kí wọ́n wọlé ná."

"Aunty, mi ò lè parọ́ fún wọn. Tí wọ́n bá ti jókòó, bàbá ọ̀kan nínú ọkùnrin méjì yẹn ló máa wọ̀ wọ́n lọ́kàn."

Ní ìpàdé ẹ́sítéètì tí wọ́n ti dìbò lórí ẹ̀, ọwọ́ mẹ́rìnlá gòkè fún wa, mẹ́sàn-án lòdì sí wa. Alága wolẹ̀, ó ní, "Àwọn tí ò fẹ́ ló pọ̀ jù."

"Ẹ tún un kà, sà."

"Mummy, ẹ jókòó. Ẹ má fọwọ́ ara yín fa wàhálà."

Ọkùnrin kan ń ya fọ́tò àwa tá a nawọ́, ìyá Títí náà wà níbẹ̀.

A gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù nítòsí Peckham Rye láti fi fíìmù náà hàn, lọ́sàn-án Sátidé. Àwọn ọkùnrin kan dúró ní òdìkejì títì. Wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń wo ẹni tó ń wọlé. Bàbá Adéoyè, tó dìbò lòdì sí wa, wọlé tòun ti sùtánà. Ó ní, "Mo fẹ́ mọ ohun tí mo kọ̀."

Nínú fíìmù náà, bàbá yẹn ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì fún ọmọ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá Adéoyè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó nu ojú. "Ohun tí mo ṣe fún ọmọ tèmi náà nìyẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé Títí gbọ́n jù mí lọ. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Bàbá tí gbogbo wa mọ̀ nílé ló gbé síwájú wa. Kó tó pẹ́, àwọn ará Lewisham ní kó gbé e wá, àwọn ti Kennington náà ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ti dé orí WhatsApp. Wọ́n gba ìdarí àdúrà lọ́wọ́ ìyá Títí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan fi ọ̀bẹ ha ilẹ̀kùn rẹ̀.

Fíìmù náà rí èrò, òótọ́ ni. Ìbò wa kò padà, alága ṣì wà lórí àga. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Èmi ni mo rọ ìyá Títí pé kó nawọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì. Tí mo bá kanlẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń béèrè pé ta ni, kó tó ṣí i.