Ẹ̀bùnlọlá Ayamáàpù àti Òpópónà Bàbá Rẹ̀

Bí ẹ bá béèrè iṣẹ́ tí Ẹ̀bùnlọlá ń ṣe lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà ní Festac, wọ́n á kọ́kọ́ wo ara wọn lójú ná. "Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà" ni ẹni tó gbọ́n jù nínú wọn máa wí. Màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ tilẹ̀ ti gbàdúrà fún un rí pé kí Ọlọ́run fún un níṣẹ́ gidi, nítorí obìnrin tí kì í jáde láàárọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ló ń fi ọ̀sán ṣe? Ẹ̀bùnlọlá ṣe àmín. Ó ti sú u láti máa ṣàlàyé.

Àlàyé náà kò sì le, etí ni àwọn èèyàn ò ní. Máàpù ló ń yà, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Wọ́n á kó iye ọjà, iye owó àti iye èèyàn jọ láti ibi gbogbo, Ẹ̀bùnlọlá á fi sọ́fíwíà aṣèṣirò so iye kọ̀ọ̀kan mọ́ àdúgbò tó ni ín, á sì fi àwọ̀ kun àdúgbò náà bí iye rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Ibi tí òwò bá ti ń gbóná á pọ́n bí ata. Ibi tí kò bá ti fi bẹ́ẹ̀ gbóná, pupa rẹ̀ á ṣá. Ibi tí kò bá sí òwò rárá, funfun ni. Nígbà tí ogun lé àwọn ọkọ̀ òkun kúrò ní Òkun Pupa, tí wọ́n ń yí gbogbo ìsàlẹ̀ Áfíríkà ká, òun ló ya máàpù tó fi hàn bí owó ẹrù ṣe ń gorí ara wọn títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Trade Fair. Ọkùnrin kan tó ń ta búréèkì mọ́tò níbẹ̀ wo máàpù náà pẹ́, ó ní, "Ṣé ibi tí ìyà mi ti ń bọ̀ rèé?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Ẹ̀bùnlọlá nínú ju owó oṣù lọ.

Festac ni wọ́n bí i sí, nínú fúláàtì tí ìjọba àpapọ̀ yá bàbá rẹ̀ gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Ọbáfẹ́mi, bàbá náà, ní ẹ̀ka tó ń wọn ilẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, ó kó lọ sí Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, ó kọ́ ilé kékeré kan sí òpópónà Ìfẹ́lódùn, ó ṣe pọ́ńdì ẹja àrọ̀ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n fi í ṣe alága àwọn onílé. Gbogbo ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wà lórí ilẹ̀ yẹn, kò sì ní ilé mìíràn, ì báà jẹ́ ní ìlú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Àmùwò ni Ẹ̀bùnlọlá ń bá ṣiṣẹ́, Akínfẹ́nwá sì ni ọ̀gá rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan gbé iṣẹ́ wá: wọ́n fẹ́ máàpù òwò gbogbo òpópónà tó wà ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ilé-iṣẹ́ rán àwọn èèyàn jáde láti lọ béèrè ọ̀rọ̀ lójúlé dé ojúlé. Ìfẹ́lódùn ni wọn ò ti rí ìdáhùn kankan gbà. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Wọ́n fún wọn lómi mu, wọ́n ní alága ò sí nílé, láìsí alága, àwọn ò lè sọ̀rọ̀. Alága sì wà nílé, ó ń fún ẹja lóúnjẹ.

Báyìí ni ojú ìlà Ìfẹ́lódùn ṣe ṣófo nínú kọ̀ǹpútà. Òfin iṣẹ́ ni pé ibi tó bá ṣófo, àwọ̀ eérú ni kí wọ́n fi kùn ún, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀ pé a ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, sọ́fíwíà ò gba àlàfo. Gbogbo ìgbà tí Ẹ̀bùnlọlá bá ní kó ya máàpù, á fi àáké kọ́rí. Akínfẹ́nwá ń pè é lórí fóònù, oníbàárà ń pe Akínfẹ́nwá. Ló bá fi òdo dí àlàfo náà kí ẹ̀rọ lè gbà, ó ní tó bá yà á tán òun á padà wá tún un ṣe. Máàpù jáde, ó rẹwà, ó fi ránṣẹ́, kò sì rántí padà sí i. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹni tí a ò mọ̀ bóyá ó jẹun àti ẹni tí kò jẹun rárá, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ẹ̀bùnlọlá mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó fi ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe ìpàdé. Àwọn oníbàárà tan máàpù náà sára ògiri, ni ọ̀kan nínú wọn bá wá tú àpò ọ̀rọ̀. Ó ní èbúté ti kún, àwọn ń wá ilẹ̀ tí àwọn á máa kó àpótí ẹrù òfìfo sí, ìjọba ti ṣetán láti gba ilẹ̀ fún àwọn, bí ibẹ̀ bá ṣáà ti jẹ́ ibi tí gbígbà rẹ̀ ò ní ba òwò ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó wá fi ìka sí ibi funfun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Ibí yìí," ó ní, "kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe níbẹ̀."

Orí ilé bàbá Ẹ̀bùnlọlá ni ìka ọkùnrin náà wà. Ó ń wo ìka náà títí wọ́n fi pa iná ara ògiri tí wọ́n dìde. Ìgbà tí gbogbo wọn lọ tán ló tó tẹ̀lé Akínfẹ́nwá wọ yàrá rẹ̀.

"Sir, àṣìṣe ni. Mo fi zero síbi tí a ò ní data."

Akínfẹ́nwá kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nù ún.

"Ẹ̀bùn, mi ò lè sọ fún client pé ohun tí a tà fún wọn kì í ṣe òótọ́. Mi ò sì lè padà wá kun ibẹ̀ ní grey, wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́ grey. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ pé a fẹ́ ṣe update. Gba ìdáhùn àwọn èèyàn yẹn wá kó tó di Mọ́ńdè. Tí òwò bá wà níbẹ̀, colour máa yí padà, wọ́n á gba ibòmíràn lọ."

"Tí mo bá kàn kọ ohun tí mo mọ̀ ńkọ́, sir? Mo mọ gbogbo ilé tó wà níbẹ̀."

"Wọ́n máa pe nọ́ńbà àwọn tó dáhùn, ìwọ náà mọ̀. Tí ẹyọ ẹnì kan bá ti ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn."

Ẹ̀bùnlọlá bá bàbá rẹ̀ létí pọ́ńdì. Kò tíì kí i dáadáa tó fi bi í léèrè.

"Daddy, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kí wọ́n má dá wa lóhùn?"

Bàbá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ká ní o ti bá ìjọba ka èèyàn rí ni, o ò ní béèrè. Èmi ni mo máa ń di okùn ìwọ̀n mú nígbà yẹn. A ó wọ àdúgbò, a ó kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, a ó ní a kàn fẹ́ mọ iye yín ni. Wọ́n á bu omi fún wa. Kó tó pẹ́, àwọn mìíràn á wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, katapílà. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Èmi tí mo ti bá ejò ṣiṣẹ́ pọ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀bùnlọlá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà, ó sọ gbogbo rẹ̀: àlàfo, òdo, ìka ọkùnrin yẹn lára ògiri. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí bíríkì etí pọ́ńdì.

"Ilé yìí?" ló béèrè.

"Ilé yìí, Daddy. Òpópónà yìí látòkèdélẹ̀."

"Torí pé mo ní kí wọ́n dákẹ́."

"Torí pé mo fi zero sí i."

Wọ́n ń du ẹ̀bi náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, Bàbá dìde, ó ní òun á pe àwọn onílé jọ lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n pé jọ síwájú ilé rẹ̀. Bàbá ò fi ohun kankan pamọ́ fún wọn. Ó sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe, ó sọ ohun tí òun náà ṣe, ó ní kí oníkálukú sọ iṣẹ́ tó ń ṣe láìfi bò. Sùrájù ajórin tó ń ṣe géètì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà lẹ tún ní ká sọ ọ́. Ọmọ yín ló sì gbé ìbéèrè wá. A ò ní ẹ ti gba nǹkan lọ́wọ́ wọn o. A kàn ń wò ó ni."

Ojú Bàbá wálẹ̀. Àtìgbà tó ti dé àdúgbò náà, kò sẹ́ni tó bá a sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ẹ̀bùnlọlá bá wọn búra pé kò sí agbowó orí kankan tó máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn á dáhùn.

Wọ́n sì dáhùn lóòótọ́. Fóònù ọ́fíìsì ló gbé dání, ó ń fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ bó ṣe ń gbà á, kò sí àyè àtúnṣe. Ọ̀dọ̀ Sùrájù ló ti bẹ̀rẹ̀. Géètì wà nílẹ̀ bẹẹrẹ, ìbòjú tó fi ń jó irin ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

"Bọ̀dá Sùrájù, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe níbí?"

"Mi ò ṣe nǹkankan."

"Àwọn géètì yìí ńkọ́?"

"Wọ́n gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ mi ni."

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ṣe géètì bàbá mi."

"Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe ìyẹn fún wọn. Kọ ohun tí mo sọ, àbúrò mi." Ohùn rẹ̀ tutù, àánú ọmọ náà ń ṣe é, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Ojúlé kejì, bákan náà. Obìnrin tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ní aṣọ àwọn ọmọ òun ni, àfi bíi pé odindi ilé-ìwé ló bí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Stella tó ń yan búrẹ́dì, tí òórùn rẹ̀ ti ń pàdé èèyàn lójú ọ̀nà, iye tó ń tà lóòjọ́ ni Ẹ̀bùnlọlá kọ́kọ́ béèrè.

"Àǹtí Ẹ̀bùn, I no dey sell o. Àwọn ọmọ mi ló ń jẹ ẹ́."

Páànù búrẹ́dì tò dé òrùlé lẹ́yìn rẹ̀. "Stella, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Tó o bá ní o ò tà, wọ́n á wó ibí."

"Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù mi rí ní Alákijà. Àwọn tó wá kọ orúkọ mi sílẹ̀ ló wá wó o. Ẹni tí ò mọ̀ mí ò wó nǹkan mi rí."

Ẹkún ni Ẹ̀bùnlọlá bú sí, ẹni ọdún márùndínlógójì, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Stella fa búrẹ́dì gbígbóná kan yọ, ó fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tó fẹ́ sanwó, Stella ti ọwọ́ rẹ̀ padà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun tà á.

Bàbá rẹ̀ ló fi parí. Ọkùnrin náà ti wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì padà, ó jókòó dúró dè é. "Ẹja ni mò ń sìn, mo sì ń tà á," ó ní. "Kọ orúkọ mi ní kíkún." Ẹ̀bùnlọlá kọ ọ́. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ò lè sọ òpópónà di pupa, òdo ni sọ́fíwíà máa ń ka irú rẹ̀ sí, àmọ́ kò lè sọ ọ́ fún un.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sọ fún sọ́fíwíà pé kó ya máàpù tuntun. Kò bá a jà rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ìfẹ́lódùn jáde ní funfun, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Akínfẹ́nwá pè é.

"Wọ́n ní kí n bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ," ó ní, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. "Wọ́n ní ti tẹ́lẹ̀ yẹn ń kọ àwọn lóminú, torí kò sẹ́ni tó bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Lawyer wọn ní ẹnikẹ́ni lè pe ẹjọ́ lé e lórí. Ní báyìí, ẹnu àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn lọ́rọ̀ ti wá. Ẹ̀bùn, má bínú."

Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ló gbà lọ. Bàbá rẹ̀ rí ojú rẹ̀ láti ẹnu géètì, kò jẹ́ kó sọ púpọ̀. Ó ní, "Ó ti yé mi." Ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó mú àwọ̀n, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú pọ́ńdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja sínú abọ́ rọ́bà ńlá kí katapílà tó dé. Ẹ̀bùnlọlá náà bọ́ bàtà, ó di etí àwọ̀n kejì mú. Àwọn ẹja náà ò tíì ju ìka ọwọ́ lọ. Wọn ò tíì tó tà.