Páálí Ìṣáná Tí Mi Ò Yọ

Èéfín púpurú ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa ní kíláàsì ìṣètò ayẹyẹ tí mo lọ ní Òkìtìpupa, nítorí obìnrin kan máa ń fi iná yan oúnjẹ ẹ̀gẹ́ náà lẹ́yìn fèrèsé wa. Àkọ́bí mi ṣì ń mu ọyàn nígbà náà. Ẹ̀yìn mi ló ti ń bá mi kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí gbọ̀ngàn tí a lè fi kọ́ṣẹ́, ni olùkọ́ wa, ará Ìbàdàn, bá gbé fídíò ìpàtẹ ọjà kan wá, tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó. Á ní ká fojú rìn nínú rẹ̀, á dá a dúró, á bi wá pé: "Níbo ni èrò máa há sí?" Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Ó dà bí ẹni pé mo wọ bàálù láìkúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tó yá, ó ní kí oníkálukú fi páálí ìṣáná to ìpàtẹ tirẹ̀ sórí tábìlì, bí ẹni pé Òkìtìpupa la ti fẹ́ ṣe é. Ẹni tó bá kùnà yóò tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo to ìsọ̀ aláṣọ, mo to ti oníkòkò, mo wá fi páálí kan sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà: ibi tí ìyá ọlọ́mọ á ti jókòó fọ́mọ lọ́yàn. Olùkọ́ fi ìka kan ṣoṣo taari rẹ̀ ṣubú.

"Ìyá Ìkókó, ìpàtẹ ọjà là ń ṣe o, kì í ṣe ọsibítù. Ṣé o rí ọmọ kankan nínú fídíò?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé páálí náà padà sáyè rẹ̀.

"Sà, ìlú òyìnbó nìyẹn. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí, ẹ pe ìyá, ẹ ti pe ọmọ tó pọ̀n. Àbí ẹ fẹ́ ká so wọ́n mọ́gi níta?"

Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí fà mí láṣọ. "Yọ ọ́ jàre! Máàkì lo bá wá."

"Gbọ́ tirẹ̀," ni olùkọ́ wí. "Yọ ọ́, kí n fún ọ ní máàkì."

Ibẹ̀ lọmọ mi ti ké. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo jókòó níwájú gbogbo wọn, mo ki ọyàn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mi ò yọ nǹkan kan. Olùkọ́ fi bírò pupa fagi lé iṣẹ́ mi, mo sì tún ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tèmi tọmọ.

Àwọn kan ní kí n gbàgbé, pé páálí ìṣáná lásán ni. Irọ́ ni. Èmi àti ọmọ mi ni olùkọ́ fìka taari yẹn. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì bẹ ìbínú náà kó rọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí n bèèrè, kí n tó gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni: "Níbo làwọn ìyá máa jókòó sí?" Bí onítọ̀hún bá rẹ́rìn-ín, màá gbé báàgì mi, màá sì máa lọ.